PHE (ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera) níléèwé ìjọba: èwo ló jẹ́ dandan, èwo ni kò sí nínú ẹ̀?

Ní 2019, lọ́jọ́ tí à ń pín ripọ́ọ̀tì kádì, ìyá kan wá bá mi nídìí tábìlì, ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo Ọjọ́rú ni ọmọ mi máa ń kó ṣòkòtò péńpé sínú báàgì lọ síléèwé, tó bá fi máa délé erùpẹ̀ á ti bo ẹsẹ̀ ẹ̀ dé orúnkún, àmọ́ mo wo ripọ́ọ̀tì yìí títí, mi ò rí PHE níbẹ̀. Ṣé ẹ ò fún un ní máàkì ni?" Mo fi ìka tọ́ka síbi tí wọ́n kọ BST (Basic Science and Technology) sí, mo ní, "Mà, òun nìyí, inú 63 yìí ni tèmi wà." Ó wò mí bíi pé mò ń tan òun jẹ. Ó ní ṣebí sáyẹ́ǹsì nìyẹn.

Mi ò bá a wí rárá, torí ohun tó rú u lójú yẹn ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, títí kan àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń kọ́ PHE níléèwé ìjọba n'Íbàdàn, bí mo bá ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún òbí kan tán lòmíì tún ń bọ̀, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ yín, kí ẹ sì mọ èyí tí wọ́n kàn ń fi orúkọ PHE gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. PHE ni Physical and Health Education, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, nǹkan méjì tí wọ́n so pọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, P.T. ni wọ́n ń pè é, tàbí díríìlì: ẹ tò sórí ìlà, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ yan bíi ṣọ́jà. Nígbà ìjọba amúnisìn, gbogbo 24 May ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé jáde kí wọ́n wá yan fún Empire Day, àwọn àgbà tó wà lókè eépẹ̀ tó ṣe é nígbà yẹn ṣì ń rántí orin tí wọ́n kọ. Ibẹ̀ ni èrò yẹn ti wọ̀ wá lára pé eré iléèwé ò ju kéèyàn yan kó sì sáré lọ, pé kò sí nǹkan tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, pé ọmọ tí orí ẹ̀ ò pé nínú ìwé ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí ìdajì ohun tí mò ń kọ́ ò ní í ṣe pẹ̀lú sísáré rárá. Ìlera ni.

Kí ló wá dé tí PHE fi sọnù nínú ripọ́ọ̀tì? Ní 2014, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NERDC tún ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ (NERDC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ níléèwé káàkiri Nàìjíríà). Wọ́n ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jù lọ́rùn àwọn ọmọ láti pírámárì dé JSS3, òótọ́ sì ni, ó pọ̀. Ni wọ́n bá kó mẹ́rin pọ̀, Basic Science, Basic Technology, kọ̀ǹpútà àti PHE, wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ di Basic Science and Technology, BST. Ó di àdàlú. Lórí ìwé, kò sí ohun tí wọ́n yọ, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣì wà nínú ẹ̀, ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ kọ́ PHE. Àmọ́ tí ẹ bá da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo, tí ẹni tó ń bù ú ò fẹ́ràn ẹ̀wà, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa wà nínú àwo. Nígbà yẹn, níbi tí tíṣà PHE wà, bíi tiwa, àwa mẹ́rin la jọ ń pín in kọ́, a óò wá kó máàkì wa pọ̀ di ẹyọ kan. Níbi tí kò ti sí, tíṣà sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹ̀, ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ṣọ́tù nígbà ayé ẹ̀ ò ní kó ọmọ 70 jáde sínú oòrùn, á kọ nóòtì sójú bọ́ọ̀dù ni, ó tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ṣe JSS tán lọ́nà yẹn tí wọn ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù iléèwé rí.

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà míì jáde fún sáà 2025/2026, wọ́n sì yọ PHE kúrò nínú àdàlú yẹn. Ó ti padà dá dúró fúnra ẹ̀, ní pírámárì àti ní JSS. Torí náà tí ẹ bá rí PHE lórí ripọ́ọ̀tì ọmọ kékeré tí ẹ ò sì rí i lórí ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nígbà tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe, ìlànà ló yí padà. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìwé lásán ò lè mú fèrè lọ sí fíìdì, ẹ ṣì máa bi iléèwé ọmọ yín pé ta ni tíṣà PHE wọn, ọjọ́ wo ló wà lórí táímù tébù.

Ó jẹ́ dandan, àbí kò jẹ́ dandan? Ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ìyẹn pírámárì 1 dé JSS3, dandan ni fún gbogbo ọmọ, ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó lè sáré àti ẹni tí kò lè sáré. Tó bá ti di SSS, ó di ohun tí ọmọ fúnra ẹ̀ máa yàn. Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ míì ti ń wọlé, torí ní WAEC wọ́n ti pín in sí méjì: Physical Education wà lọ́tọ̀, Health Education náà wà lọ́tọ̀, ọmọ lè ṣe ọ̀kan kó má ṣe èkejì. Physical Education ní praktíkà, kì í ṣe kéèyàn kàwé sùn nìkan, wọ́n máa wo bó ṣe ń ṣe é. Health Education ò ní fíìdì ṣíṣe ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ àrùn, oúnjẹ, àyíká, oògùn olóró, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ló dá lé. Tó bá wá di JAMB, wọ́n tún so ó padà pọ̀, PHE ni wọ́n ń pè é, 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún sọ́bújẹ́ẹ̀tì UTME, òun àti kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Health Education lè rọ́pò Biology, kò lè rọ́pò ẹ̀. Biology, Chemistry àti Physics ni wọ́n ń bèèrè. Mo ti rí ọmọ tó sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tó ti sanwó fọ́ọ̀mù, mi ò fẹ́ rí òmíì. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́ Human Kinetics, bíi èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí kó di tíṣà bíi tèmi, PHE ọ̀hún á wúlò fún un dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú kílásì wò, torí ìgbà tí òbí bá rí ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ ló máa ń yé e.

Tí mo bá fẹ́ kọ́ wọn ní ọwọ́ fífọ̀, mi ò kì í kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù. Iléèwé wa ò ní omi ẹ̀rọ, kànga ló wà, torí náà gárawa kan tí a lu nísàlẹ̀, tí a ki ẹnu ẹ̀rọ bọ̀, là ń lò. Màá lọ èédú kúnná, màá pò ó mọ́ epo pupa díẹ̀, màá pe ọmọ mẹ́rin jáde kí wọ́n fi ra ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Méjì á fi omi lásán fọ̀, méjì á fi ọṣẹ fọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, gbogbo kílásì á máa bá wọn kà á sókè. Tí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á na ọwọ́ síta. Àwọn tó lo omi lásán, ọwọ́ wọn ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ti àwọn tó lo ọṣẹ ló máa ń yà wọ́n lẹ́nu: àtẹ́lẹwọ́ ti mọ́ tónítóní, àmọ́ ẹ wo abẹ́ èékánná, ẹ wo àárín ìka, ẹ wo ẹ̀yìn àtàǹpàkò, èédú ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ kan pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Sà, ọwọ́ yẹn la fi ń jẹ ẹ̀bà o!" Látọjọ́ yẹn, mi ò ní láti ṣàlàyé bí onígbáméjì tàbí àrùn jẹ̀funjẹ̀fun ṣe ń gba ọwọ́ dé ikùn mọ́, wọ́n ti fojú ara wọn rí ọ̀nà tó ń gbà.

Fáàsì éèdì ńkọ́? Ohun tí à ń kọ́ wọn pọ̀ tó ta ko ohun tí à ń ṣe nílé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nímú ọmọ, ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni ká ní kó gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ á wá máa sàn lọ sọ́nà ọ̀fun ẹ̀. Kó tẹrí síwájú ni, kó fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ nímú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa fi ẹnu mí. Tí omi gbígbóná bá dà sí èèyàn lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i, fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo, kì í ṣe péèsì tí à ń fi fọ ẹnu. Ọmọbìnrin kan ní JSS2 wa wá sọ fún mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan pé omi ẹ̀kọ dà sí àbúrò òun lápá, ìyá àgbà ti sáré mú ẹyin, ó ti fẹ́ fọ́ ọ, òun bá dúró láàárín, òun ní "Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká bu omi ná." Wọ́n bu omi títí tí ìṣẹ́jú 20 fi pé, ìyá àgbà ń bínú, kí wọ́n tó wá gbé e lọ sí sẹ̀ńtà. Ọmọ ọdún 12 ni o. Máàkì wo ni mo fẹ́ fún un tó máa tó ìyẹn?

Ti fíìdì náà, ẹ jẹ́ kí n fi ríléè ṣe àpẹẹrẹ. Igi ríléè gidi kì í kéré ju sẹ̀ńtímítà 28, kì í sì í ju 30 lọ. Àwa ò ní owó ẹ̀, ni mo bá lọ bá púlọ́ńbà kan ládùúgbò kó bá mi gé àjẹkù páìpù PVC ní 30, 30, mẹ́jọ, mo fi yanrìn kun ẹnu ẹ̀ kó má baà ge ọmọ lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ gba igi lọ́wọ́ ara wọn jẹ́ mítà 30, tí wọ́n bá gbà á kọjá ibẹ̀ ó bàjẹ́, wọ́n ti jáde nìyẹn. Àwọn ọmọ tó yára jù ló sì máa ń já igi yẹn jù, torí wọ́n ń wẹ̀yìn, wọn ò gbára lé ẹni tó ń bọ̀. Tí mo bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, mi ò wo ẹni tó kọ́kọ́ dé, bí wọ́n ṣe gba igi ni mò ń wò: ṣé ọwọ́ na sẹ́yìn dáadáa, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí igi tó dé, ṣé ó pe ẹnìkejì ẹ̀. Ọmọ tó sanra, tó jẹ́ pé òun ló ń kẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, lè gba máàkì tó pé lọ́wọ́ mi, ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nìyí: eré sísá kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò PHE, mímọ̀ ọ́n ṣe ni.

A tún máa ń ṣe eré ilé wa. Abula wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́, kì í ṣe àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú o, eré Nàìjíríà kan ni tí wọ́n ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù kékeré kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì. Ayò wà níbẹ̀. Tẹ́ńtẹ́ẹ̀ǹ àti súwè, tí ẹ̀ ń lé àwọn ọmọbìnrin yín kúrò nídìí ẹ̀ pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò, mo máa ń fi wọ́n mú ara gbóná kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí èèyàn ò lè ṣe tẹ́ńtẹ́ẹ̀ǹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó má mí hẹlẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní P.T.A., ìyẹn ọ̀rọ̀ ìbàlágà. Àwọn òbí kan gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ní "séèsì" níléèwé, wọ́n bá gbaná jẹ. Láti 2003 ni ìlànà kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Family Life and HIV Education, wọ́n sì ti pín ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì bíi tèmi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bí ara ọmọ ṣe ń yí padà, nǹkan oṣù, ìmọ́tótó, bí àrùn HIV ṣe ń ranni àti bí kì í ṣe é ranni, bí ọmọ ṣe máa sọ pé "mi ò fẹ́" fún àgbàlagbà tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, àti ẹni tó máa sọ fún. Ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu wa tàbí lẹ́nu yín á gbọ́ ọ lórí fóònù, èyí tó wà lórí fóònù ò sì dára. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ní kí tíṣà fi nóòtì ọmọ hàn yín, ẹ jókòó kà á. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ó kù ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí, tó sì jẹ́ pé òun ló yẹ kí wọ́n bi mí jù: ṣé PHE iléèwé tó fún ara ọmọ? Kò tó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ọmọ ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa ṣe ohun tó ń mú un mí sókè mí sódò fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ìyẹn 420 lọ́sẹ̀, kó sì ṣe èyí tó le, tó ń fún egungun àti iṣan lágbára, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Píríọ́ọ̀dù méjì ni mo ní lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 80 nìyẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti inú kílásì, ó ku 40. Ẹ yọ mẹ́wàá kúrò fún aṣọ pípààrọ̀ àti títò, ó ku 30, bọ́ọ̀lù méjì ló wà fún ọmọ 70, ìwọ̀n ìgbà wo ló máa kan ọmọ yín? Nǹkan bíi 400 ìṣẹ́jú ló kù tí ilé máa fi kún un. Kí ó rìn lọ síléèwé tí kò bá jìnnà, kó pọn omi, kó gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀ ló kà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé káàkiri àgbáyé, nínú 100 ọmọ ọdún 11 sí 17, 81 ni kò ṣe tó bó ṣe yẹ, àwọn obìnrin ló sì burú jù, 85. Mo rí i nínú àwọn ọmọbìnrin tèmi, bí wọ́n bá ti wọ JSS2 báyìí, ìdí igi ni wọ́n fẹ́ máa jókòó sí.

Ó wá kan intà-háòsì. Intà-háòsì kì í ṣe PHE. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kì í ṣe PHE! PHE ni ti gbogbo ọmọ, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Intà-háòsì jẹ́ ọjọ́ kan, ti àwọn tó mọ̀ ọ́n sá jù, pẹ̀lú màṣì pásì àti aṣọ aláràbarà àti káńtíìnì. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò sọ pé kí wọ́n fòpin sí i. Àmọ́ kò sí máàkì PHE kankan tó gbọ́dọ̀ dá lórí bóyá ọmọ ra aṣọ háòsì Yẹ́lò tàbí kò rà á. Tó bá sì jẹ́ pírámárì ìjọba tàbí JSS ìjọba ni, òfin UBE (òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004, apá kẹta, ní ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe fún ọmọ níbẹ̀, ó sì fi ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n lé ẹni tó bá gba owó tó lòdì sí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níléèwé kan, wọ́n ní kí n máa lé àwọn ọmọ tí kò san owó spọ́ọ̀tì kúrò ní fíìdì nínú píríọ́ọ̀dù tèmi. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ọmọkùnrin kan lọ dúró sẹ́yìn wínńdò kílásì ó ń wò wá. Mi ò ṣe é mọ́ láé. Tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ yín, ẹ fi sùúrù lọ bá ọ̀gá iléèwé ná, tí kò bá gbọ́, SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó pírámárì àti JSS ìjọba, wà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn aràn, àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wá yẹ ojú àti eyín ọmọ wò, ìyẹn náà kì í ṣe PHE, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n sábà máa ń rán láti to àwọn ọmọ. Ètò ìlera iléèwé ni, láti 2006 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀ ti wà, marùn-ún ni wọ́n pín in sí: àyíká iléèwé tó mọ́, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ ìlera, ìtọ́jú ìlera, àti àjọṣe iléèwé pẹ̀lú ilé àti àdúgbò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ HPV ní 24 October 2023, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀fẹ́, ẹ ò mọ irú ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àwọn èèyàn, pé ó máa sọ ọmọ di àgàn. Kò sọ ẹnikẹ́ni di àgàn. Ilé ọmọ yẹn gan-an ló ń dáàbò bò. Ẹ lè béèrè ìbéèrè tó bá wù yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, àmọ́ ẹ bi nọ́ọ̀sì, ẹ má bi WhatsApp.

Ta wá ni wọ́n lè yọ̀ǹda? Kò sẹ́ni tí wọ́n ń yọ̀ǹda kúrò nínú PHE. Ohun tí wọ́n lè yọ ọmọ kúrò nínú ẹ̀ ni eré tó le, ìyẹn sì nílò ìwé dókítà, kì í ṣe ìwé tí ọmọ fúnra ẹ̀ kọ. Ọmọ tó ní asíma lè ṣe eré, kó mú ínhélà ẹ̀ dání, kí ara ẹ̀ kọ́kọ́ gbóná díẹ̀díẹ̀, kí tíṣà sì mọ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lè ṣe é tí kò bá ti sí inú rírun tó pọ̀. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó jókòó máa ka iye gólù. Ti hìjáábù, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́, FIFA gan-an ti gbà á láyè láti 2014 kí àwọn obìnrin máa fi ìborí gbá bọ́ọ̀lù, kó ṣáà ti má ní píìnì tó lè gún èèyàn.

Ti àwọn ọmọ SS, ìyẹn àwọn tó ní síkú sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe àwọn ọmọ kílásì SSS, ló gba ìṣọ́ra jù. Eré díẹ̀ dára fún wọn, àmọ́ kí wọ́n máa mu omi léraléra, kí wọ́n sinmi nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí òjò tàbí òtútù má pa wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ní kí wọ́n sáré yí fíìdì ká nítorí pé wọ́n pẹ́ dé. Ìyẹn lè gbé wọn dé ọsibítù. Tíṣà tí kò mọ̀ pé ọmọ yín jẹ́ SS ò lè ṣọ́ ọ, torí náà ẹ̀yin òbí, ẹ má fi pamọ́ fún wa nítorí ojútì, ẹ sọ fún tíṣà PHE ní ìkọ̀kọ̀.

Ìyá ọmọ kan sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí n kàn jẹ́ kí ọmọ náà máa jókòó sí kílásì nígbà tí àwọn yòókù bá jáde. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó tẹ̀lé wa, mi ò ní jẹ́ kó sáré." Mo fún un ní téèpù àti ìwé kan, òun ló ń wọn bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe fò jìnnà tó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi fóònù mi ka ìṣẹ́jú àáyá fún àwọn tó ń sáré. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti mọ òfin fífò gígùn ju àwọn tó ń fò ó lọ. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ ìlà kọjá díẹ̀ báyìí, á ti gbé ọwọ́ sókè, "Fáòlù, sà!", bó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni ó fò ó, kò ní gbojú fò ó. Ní òpin sáà, 52 nínú 60 ló gbà nínú ìdánwò apá tèmi. Ìwé tó ń kọ ọ́ sí yẹn, èyí tí orúkọ gbogbo kílásì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú iye mítà tí wọ́n fò, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú dúrọ́ọ̀ mi ló ṣì wà.